Àgbà Tó Fẹ́ Gbọ́ Faransé: Inú Yorùbá Ni Kó Ti Gbéra

Ẹni tó bá dé Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó jókòó díẹ̀ ní ibùdókọ̀ tàbí tó rìn wọ ọjà, kò ní pẹ́ gbọ́ Faransé. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ló gbé e débẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, pàápàá ní Abidjan, ọkọ̀ akérò sì máa ń ti ìlú wọn gbéra lọ síbẹ̀ tààrà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ lọ ti di géńdé kí wọ́n tó gbọ́ "bonjour" létí wọn. Wọn kò ní ìwé gírámà, wọn kò sì ní olùkọ́. Wọ́n ń tajà, wọ́n ń dá oníbàárà lóhùn, wọ́n ń ná owó ilé pẹ̀lú onílé, díẹ̀díẹ̀ ni èdè náà sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu títí wọ́n fi ń mú un bọ̀ wálé nígbà ọdún.

Àwọn ará Èjìgbò yìí ni àròkọ yìí fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí níwájú ẹnikẹ́ni tó ti lé lọ́gbọ̀n tàbí àádọ́ta ọdún, tó ń rò pé ọjọ́ ti lọ lórí òun láti kọ́ Faransé. Ohun tó dúró lé ni pé Yorùbá tó wà lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ sún mọ́ Faransé láwọn ibì kan ju bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sún mọ́ ọn lọ. Síbẹ̀, inú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ kíláàsì Faransé ní ilẹ̀ Yorùbá ń gbà kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ yí èrò rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, á tún yí Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, àwọn ohun tí èdè abínibí rẹ̀ ti fún un lọ́fẹ̀ẹ́ á sì bọ́ sọ́nà.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Benin wà ní ìwọ̀-oòrùn, Niger wà ní àríwá, Chad àti Cameroon wà lápá ìlà-oòrùn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí Faransé kò sí nínú iṣẹ́ ìjọba rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha kéde ní Èkó pé Nàìjíríà máa di orílẹ̀-èdè tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ìkéde náà dún dáadáa, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló parí ilé-ẹ̀kọ́ girama láìrí olùkọ́ Faransé kankan, àwọn ọmọ náà ló sì ti dàgbà báyìí tí wọ́n ń wá kíláàsì kiri. Àwọn kan ń wá a nítorí ọjà Kútọnu. Àwọn mìíràn ń wá a nítorí Kánádà, tó máa ń fún ẹni tó bá gbọ́ Faransé ní àfikún máàkì nígbà tó bá ń tọrọ ìwé ìgbélùú, tó sì ti ń ṣa àwọn tó gbọ́ èdè náà sọ́tọ̀ láti ọdún 2023.

Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi olùkọ́ ni pé ṣé ọpọlọ àgbà ṣì lè gbà á. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 láti ọwọ́ Joshua Hartshorne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n dán nǹkan bí 670,000 ènìyàn wò lórí gírámà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí i pé agbára láti gba gírámà wọlé máa ń wà ní kíkún títí di nǹkan bí ọdún 17, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ó yẹ kí a ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tán. Ohun tí ìwádìí náà ń wọ̀n ni bí ènìyàn ṣe lè dọ́gba pẹ̀lú onílé-èdè, ìyẹn ẹni tí a bí sínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rajà ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, tó fẹ́ ka lẹ́tà, tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Lomé, kò béèrè fún ìyẹn.

Ìwádìí mìíràn wà tó yẹ kí àgbà gbọ́. Ní ọdún 1978, Catherine Snow àti Marian Hoefnagel-Höhle tẹ ìròyìn wọn jáde nípa àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilẹ̀ Netherlands, tí wọ́n ń kọ́ èdè Dutch láàárín àwọn onílùú. Ọmọdé wà nínú wọn, ọ̀dọ́ wà, àgbà náà wà. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà ló síwájú. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló kẹ́yìn. Àgbà mọ bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́, ó mọ bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì lè fi ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ wọn tuntun.

Abiola Irele ni àpẹẹrẹ tó súnmọ́lé jù. Ọdún 1936 ni wọ́n bí i, ará Ọ̀rà ní ilẹ̀ Ẹdó ni, ṣùgbọ́n Igbo ló kọ́kọ́ gbọ́ ní Enugu, Yorùbá sì di èdè rẹ̀ nígbà tó dé Èkó. Ó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1960, lẹ́yìn náà ló lọ sí Paris láti lọ kọ́ Faransé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1966, ó ti gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Paris. Òun náà ló padà wá di ọ̀kan lára àwọn tó mọ iṣẹ́ àwọn akéwì elédè Faransé náà, Léopold Sédar Senghor àti Aimé Césaire, jù lọ nílẹ̀ Adúláwọ̀. Ẹni tó ti gbé èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí láti kékeré, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe ní Nàìjíríà, kì í ṣe òpè nínú iṣẹ́ kíkọ́ èdè.

Ohun tí Yorùbá ń fún akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìró. Yorùbá ya e kúrò lára ẹ, ó sì ya o kúrò lára ọ. Faransé náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìró tó parí "thé", ìyẹn tíì, ni e wa. Èyí tó wà nínú "mère", ìyẹn ìyá, ni ẹ wa. O ló parí "beau", ọ ló wà nínú "porte". Ọmọ Lọ́ńdọ́nù máa ń jìjàkadì kó tó lè mú àwọn ìró wọ̀nyí dúró sójú kan. Ọmọ Ìbàdàn ti ń pè wọ́n láti ìgbà tó ti ń rákòrò. Bákan náà ni ti ìró tó ń gba imú jáde: ẹni tó ń pe "ìbọn" lójoojúmọ́ kò ní ṣòpò kó tó pe "bon".

Ṣùgbọ́n Yorùbá yìí kan náà ní ọ̀fìn tirẹ̀, olùkọ́ tó ń gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni kì í sì í rí i. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, "an" àti "ọn" kò yàtọ̀ rárá. Àkọtọ́ nìkan ló yà wọ́n, ìró kan náà ló parí "ìtàn" àti "ìbọn". Faransé ya méjèèjì pátápátá. "Vent" ni afẹ́fẹ́, "vont" sì jẹ mọ́ àwọn tó ń lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ẹnu dáadáa fún ti àkọ́kọ́, kí ó sì ká ètè róbótó fún ìkejì. Kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ di ìgbà tí àṣìpè bá ti mọ́ ọn lára.

Ìró méjì mìíràn tún wà tí Yorùbá kò ní. Èkíní ni fáwẹ́lì inú "rue", ìyẹn òpópónà, tó yàtọ̀ sí ti "roue", ìyẹn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kí ahọ́n wà níbi tó ti ń pe i, kí ètè wá kó jọ bí ẹni tó fẹ́ pe u, ìró náà á jáde fúnra rẹ̀. Èkejì ni z. Ẹni tí kò bá pè é yéké yóò máa fi s rọ́pò rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe àbùkù ètè lásán. "Ils ont" ni "wọ́n ní", "ils sont" ni "wọ́n jẹ́". Z nìkan ni etí fi ń dá wọn mọ̀. Ẹni tó bá sọ s síbi z, gbólóhùn mìíràn ló sọ.

Ìpàrójẹ kò ní yọ Yorùbá lẹ́nu. Ẹni tó ń sọ "gbọ́mọ" dípò "gbé ọmọ", tó ń sọ "raṣọ" dípò "ra aṣọ", ti mọ ìdí tí Faransé fi ń sọ "l'ami" àti "j'ai". Fáwẹ́lì méjì pàdé, ọ̀kan yàgò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Yorùbá lè fa ọ̀rọ̀ náà gùn nígbà tó bá wù ú. Faransé kò gba "je ai" lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀wọ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ojú-ewé púpọ̀ ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ pe ẹni tó juni lọ ní "tu", tó jẹ́ pé "vous" ni a ó pè é, àti ìdí tí "vous" yìí kan náà fi jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé yẹn. O àti ẹ ni. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún un ni ibi tí àṣà méjèèjì ti pínyà. Ọjọ́ orí ló ń darí ti Yorùbá. Ní ilẹ̀ Faransé, ìfaramọ́ra ló ń darí rẹ̀. Ọmọ tó wà nílé ní Paris ń pe bàbá àti ìyá rẹ̀ ní "tu", kò sì sẹ́ni tó rí i sí ìwà ìbàjẹ́. Bàbá yìí kan náà máa ń fi "vous" bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì fún un sọ̀rọ̀, nítorí pé wọn kò mọ ara wọn. Àgbà Yorùbá tó bá gbọ́ "vous" lẹ́nu ẹni tó jù ú lọ kò gbọdọ̀ rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Òǹkà ni ẹ̀bùn tó tóbi jù. Ẹ̀rù 80 àti 90 máa ń ba gbogbo ẹni tó ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀, torí "quatre-vingts" ni ogún lọ́nà mẹ́rin, "quatre-vingt-dix" sì ni ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ni ọgọ́rin, bí kì í bá ṣe ogún mẹ́rin? Kí ni ọgọ́rùn-ún, bí kì í bá ṣe ogún márùn-ún? Bàbá àgbà tó ń ka ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún láìwo ìwé ti ń ronú ní ogún-ogún tipẹ́tipẹ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé Yorùbá máa ń yọ kúrò, Faransé máa ń fi kún un. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni Yorùbá ń pe 77, ìyẹn ọgọ́rin tí a yọ mẹ́ta kúrò. "Soixante-dix-sept" ni Faransé ń pè é, ọgọ́ta tí a fi mẹ́tàdínlógún lé. Ní Belgium, Switzerland àti Congo ti Kinshasa, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù fún 70 àti 90, "septante" àti "nonante". Ní Benin àti Togo, ti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń lò, ẹni tó ń ná ọjà pẹ̀lú owó sẹ́fà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kíákíá.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló rọrùn. Yorùbá kò ní akọ àti abo nínú gírámà. "Ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin, "ó" náà sì ni àga. Ní Faransé, tábìlì jẹ́ abo, ìwé jẹ́ akọ, kò sì sí ọgbọ́n inú tó lè sọ ìdí rẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí a má ṣe há ọ̀rọ̀-orúkọ kankan sórí ní ìhòòhò: "une table", "un livre" ni kí ó wọlé pọ̀. Òpin ọ̀rọ̀ tún máa ń ṣèrànwọ́. Àwọn tó parí sí "-tion", bíi "nation" àti "question", abo ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn; àwọn tó parí sí "-ment", bíi "gouvernement" àti "médicament", akọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ńkọ́? "Lọ" kì í yí padà lẹ́nu Yorùbá, ẹni yòówù kó máa lọ. Faransé ní "vais", "vas", "va", "allons", "allez", "vont". Ojú ìwé ni èyí ti ń dẹ́rù bani jù. Etí ń gba ìdáríjì díẹ̀: "parle", "parles" àti "parlent" kò yàtọ̀ létí rárá, bẹ́ẹ̀ ni nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "on" ni àwọn ènìyàn sábà máa ń lò dípò "nous". Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè sọ ohun púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá fi etí ṣáájú ojú.

Ọ̀rọ̀ mélòó ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀? Àwọn Faransé fúnra wọn ti wádìí èyí. Ní àwọn ọdún 1950, Georges Gougenheim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Saint-Cloud gba ohùn àwọn ènìyàn lásán sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n ka ọ̀rọ̀ tó lé ní 300,000 nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣa bí 1,500 jáde fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Àkójọ náà ni wọ́n ń pè ní "français fondamental". Ohun tó wú òǹkọ̀wé yìí lórí jù nínú iṣẹ́ náà ni ohun tí òǹkà kò rí. Ọ̀rọ̀ bíi fọ́ọ̀kì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú ohùn tí wọ́n gbà, bẹ́ẹ̀ ilé wo ni kò sí? Wọ́n wá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ọ̀rọ̀ tó bá sọ sí wọn lọ́kàn nípa oúnjẹ, aṣọ, iṣẹ́ ọwọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì fi wọ́n kún un. Ohun tí aránṣọ tó ń kọ́ Faransé yẹ kó ṣe nìyẹn: kí ó mọ "aiguille", "fil", "tissu" àti "manche" ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ìwé tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ má ṣe yan ọ̀rọ̀ fún un.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ nìkan kì í di èdè. Ní oṣù Keje ọdún 2015, Nigel Richards, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti Scrabble lédè Faransé ní Louvain-la-Neuve ní Belgium. Ẹni tó pàdánù sọ́wọ́ rẹ̀ nínú àṣekágbá wá láti Gabon, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ojoojúmọ́. Richards kò gbọ́ Faransé. Ìwé atúmọ̀ èdè ló há sórí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìrántí rẹ̀ jẹ́ ohun ìyanu, síbẹ̀ kò lè fi Faransé bá ẹni tó pàdánù sọ́wọ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn ìdíje náà.

Èdè ń béèrè wákàtí. Foreign Service Institute, tó ń kọ́ àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní èdè, fi ojú bù ú pé elédè Gẹ̀ẹ́sì nílò wákàtí 600 sí 750 ní kíláàsì kó tó lè fi Faransé ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá ń fún un ní wákàtí kan lóòjọ́ ń wo nǹkan bí ọdún méjì. Kíláàsì ọjọ́ Sátidé nìkan kò lè tó. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, ti fi hàn láti ọdún 1885 pé kété tí a bá kọ́ nǹkan tán ni ìgbàgbé máa ń yára jù, nítorí náà ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Rédíò RFI ní ètò ìròyìn kan, "Journal en français facile", tí wọ́n ń fi Faransé tó rọrùn ka ìròyìn ayé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá; ẹni tó wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó lè gbọ́ ọ lórí fóònù. TV5Monde náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìtìjú ló ń lé àwọn àgbà kúrò ní kíláàsì ju gírámà lọ. Bàbá tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún ní àdúgbò, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí ìjà, jókòó níwájú ọmọ ọdún 25, kò lè sọ orúkọ àti ibi tó ń gbé láìkọsẹ̀. Ó dákẹ́. Bó ṣe ń dákẹ́ ni ẹ̀kọ́ ń kọjá lọ. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó wọ kíláàsì: kí ó máa pe àgbà ní orúkọ ọ̀wọ̀, kí ó má fi àṣìṣe rẹ̀ ṣe ẹ̀rín láàárín àwọn ọmọdé, kí ó fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tì í láti jọ máa sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá oníṣòwò Èjìgbò borí ìtìjú yìí nítorí pé ọjà kò ní dúró de gírámà.

Faransé ọjà sì ní ibi tó mọ. Nínú Faransé ìgboro Abidjan, ó wọ́pọ̀ kí "le" àti "la" bọ́ dànù, ọ̀rọ̀ á sì yéni. Àwọn ìdánwò Kánádà, TEF àti TCF, kò ní gbójú fo ìyẹn. Wọ́n ń dán gbígbọ́, kíkà, sísọ àti kíkọ wò, ẹni tó bá sì fẹ́ àfikún máàkì gbọ́dọ̀ dé ìpele keje nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnu tó já gaara kò lè fa ọwọ́ tí kò lè kọ gbólóhùn kọjá.

Ibi tí ẹnu àti ọwọ́ ti lè pàdé kò jìnnà. Ní Àjàrà, ní Àgbádárìgì, Abúlé Èdè Faransé ti ilẹ̀ Nàìjíríà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nígbà tí ọrọ̀-ajé dẹnukọlẹ̀, tí yunifásítì kò lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé lọ sókè òkun mọ́ fún ọdún kan tí ẹ̀kọ́ wọn ń béèrè, wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé inú èdè náà nílé. Rìn díẹ̀ síwájú sí i, o kan ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà lọ́dún 1889 fi Kétu, Pobẹ̀ àti Ṣábẹ̀ẹ́ sọ́dọ̀ Faransé, kò sì gba Yorùbá lẹ́nu wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olabiyi Babalola Joseph Yaï, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Benin, kọ́ni ní Ifẹ̀, ó sì padà di alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO. Èdè méjèèjì ló fi ṣiṣẹ́.

Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, àwọn tó lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní Faransé tí wọ́n sì ń bá ìyá wọn sọ Yorùbá, ló yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ èdè tó wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta máa gbà síṣẹ́ fún kíláàsì àgbà. Ó yẹ kí wọ́n kọ ìwé kan tí yóò gba inú Yorùbá ṣàlàyé Faransé: tí òǹkà yóò ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ogún, tí "vous" yóò ti bẹ̀rẹ̀ láti orí "ẹ", tí ọ̀rọ̀ bíi "vent" àti "vont" yóò sì wà ní ojú-ewé kìíní pẹ̀lú ohùn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Kétu àti Àjàṣẹ́. Ẹ̀ka èdè Yorùbá àti ẹ̀ka Faransé ní àwọn yunifásítì wa ní ìmọ̀ tó tó láti ṣe é, bí wọ́n bá lè jókòó sí tábìlì kan náà.